A Rán An ní Iṣẹ́ Ẹrú: Ẹ̀kọ́ láti inú Ayé Wilhelm Keitel, Ọ̀gágun Hitler

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kúrú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tí ó rán ni lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ ọ̀gá, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a ti búra fún. Síbẹ̀ ẹni tí a rán ni ó ni ẹnu tí yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà, òun ni ó sì ni ọwọ́ tí yóò fi ṣe é. Bí iṣẹ́ náà bá burú, ọmọ a máa fi ọgbọ́n tún un ṣe, tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ẹrú a jẹ́ ẹ bí a ti rán an.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ gbé ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ẹrú fún ọdún 7, tí ó sì jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Orúkọ rẹ̀ ni Wilhelm Keitel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ọ̀kan nínú àwọn ológun tí ó súnmọ́ Adolf Hitler jù lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òǹrorò ni láti inú ìyá rẹ̀ wá, ìtàn rẹ̀ kì bá tí kan àwa tí ń kà á. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kára ni, ẹni tí ó mọ ìwé tò ni, ẹni tí ó fẹ́ràn oko baba rẹ̀ ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: báwo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe di ẹni tí a yẹgi fún?

1. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó di ológun

A bí Keitel ní ọjọ́ 22 oṣù September, ọdún 1882, ní Helmscherode, ní ilẹ̀ Brunswick, ní ìhà àríwá Jámánì. Àgbẹ̀ onílẹ̀ ni baba rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ni ọkàn ọmọ sì fà sí. Ṣùgbọ́n oko náà kò tó fún baba àti ọmọ láti jẹ pọ̀ nígbà tí baba ṣì ní agbára. Nítorí náà ni ó ṣe wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1901, nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń yin àgbá. Ní ọdún 1909 ó gbé Lisa Fontaine ní ìyàwó.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àfọ́kù ọta àgbá ṣe é léṣe ní apá ní Flanders. Lẹ́yìn tí ó sàn, a mú un lọ sí ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń ṣètò ogun, ibẹ̀ ni a sì ti mọ̀ ọ́n ní òṣìṣẹ́ tí kì í rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀: kíka iye ọmọ ogun, pípín ohun ìjà, kíkọ àṣẹ sílẹ̀ lọ́nà tí yóò fi yé ẹni tí yóò kà á. A ṣẹ́gun Jámánì ní ọdún 1918, a sì dín ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ kù sí 100,000. Keitel wà lára àwọn díẹ̀ tí iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1934 baba rẹ̀ kú. Keitel rò ó láti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, kí ó padà sí Helmscherode, kí ó máa ro oko. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ipò tí ó ga lọ̀ ọ́, ó sì dúró. Ẹ jẹ́ kí a fi ìka sí ibi yìí nínú ìtàn náà, nítorí oríta ni. Ọ̀nà kan lọ sí oko, èkejì lọ sí ààfin.

2. Ìbúra kan, ọkùnrin méjì

Ní ọjọ́ 2 oṣù August, ọdún 1934 kan náà, Hindenburg tí í ṣe Ààrẹ ilẹ̀ Jámánì kú. Hitler, tí ó ti ń ṣe olórí ìjọba láti oṣù January ọdún 1933, gba agbára Ààrẹ mọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ó ti di apàṣẹ-wàá ní tòótọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ òfin. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a mú kí gbogbo ọmọ ogun búra tuntun. Nínú ìbúra yìí, a kò dárúkọ òfin ìlú. Orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ni a dá, Adolf Hitler. Wọ́n fi Ọlọ́run búra pé àwọn yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu láìsí àdéhùn kankan, àti pé àwọn yóò fi ẹ̀mí àwọn lélẹ̀ nítorí ìbúra náà.

Yorùbá kì í fi ojú kékeré wo ìbúra. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lẹ́bi pé wọ́n búra. Ohun tí a ní láti bèèrè ni bóyá ìbúra lè sọ ohun tí ó burú di rere, àti bóyá ẹni tí a búra fún lè lò ó láti fi gba ẹ̀rí-ọkàn ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba owó orí.

Ológun kan wà tí ó dáhùn ìbéèrè náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ludwig Beck, olórí àwọn tí ń ṣètò ogun fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Òun náà búra bí Keitel ti búra. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, nígbà tí ó rí i pé Hitler ń fa orílẹ̀-èdè náà lọ sínú ogun, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìgbọràn ológun ní ààlà, ààlà náà sì wà níbi tí ìmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ àti ojúṣe rẹ̀ bá ti kọ̀ fún un láti mú àṣẹ ṣẹ. Nígbà tí a kò gbọ́ tirẹ̀, ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù August ọdún náà. Ìbúra kan náà ni ó wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Beck wá ààlà rẹ̀, ó sì rí i. Keitel kò wá a.

3. Bí Keitel ti dé ẹ̀gbẹ́ Hitler

Láti ọdún 1935 ni Keitel ti ń ṣe olórí ọ́fíìsì lábẹ́ Werner von Blomberg, Mínísítà ètò ogun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938 Blomberg ṣubú, nítorí pé ó fẹ́ obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá. Ìròyìn ọ̀rọ̀ tí òun àti Hitler sọ kẹ́yìn kò tíì parẹ́. Hitler bi í léèrè nípa Keitel, Blomberg sì dáhùn pé kò yẹ kí a rò ó mọ́ ipò ńlá, ẹni tí ń bójú tó ọ́fíìsì fún òun lásán ni. Hitler ní irú ẹni tí òun ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí. Apàṣẹ-wàá kò wá akíkanjú, kò sì wá ọlọ́gbọ́n tí yóò gbà á ní ìmọ̀ràn. Ẹni tí kò ní sọ pé rárá ni ó wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù February, ọdún 1938, Hitler fi ara rẹ̀ ṣe olórí gbogbo àwọn ọmọ ogun, ó sì fi Keitel ṣe olórí ilé iṣẹ́ àṣẹ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Oyè náà tóbi létí, ṣùgbọ́n Keitel kò ní ọmọ ogun kan tí ó lè fi àṣẹ ti ara rẹ̀ rán. Akọ̀wé ni ó jẹ́, tí ó wọ aṣọ ọ̀gágun. Àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí tí àwọn Jámánì ń pe ìránṣẹ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún olówó.

Ọlá sì dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù June, ọdún 1940, Keitel ni ó fi ọwọ́ sí ìwé ìdáwọ́ ogun dúró pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé ní Compiègne, nínú ọkọ̀ ojú irin kan náà tí àwọn Jámánì ti tẹríba ní ọdún 1918. Ní ọjọ́ 19 oṣù July, Hitler fi oyè Field Marshal dá ọ̀gágun 12 lọ́lá ní ọjọ́ kan, Keitel sì wà lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣáájú ogun kankan.

4. Àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ sí

Ẹni tí ó bá gba oyè lọ́wọ́ irú ọba bẹ́ẹ̀, yóò san owó rẹ̀. Nígbà tí Hitler ń múra láti kọlu Rọ́ṣíà, Keitel kò fẹ́ ogun náà, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti wí lẹ́yìn náà níwájú àwọn adájọ́. Ó sọ pé òun bá Hitler jiyàn, àní pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Hitler jágbe mọ́ ọn, ó sì kọ̀. Keitel padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ohun tí ó jáde láti orí tábìlì náà nìyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù May, ọdún 1941, ó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó wí pé bí ọmọ ogun Jámánì bá hùwà ìkà sí àwọn ará ìlú ní Rọ́ṣíà, kò di dandan kí a pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù June, àṣẹ jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pé kí a yìnbọn pa àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà láàrin àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, bí a bá ti mú wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù September, ó fi ọwọ́ sí i pé nítorí ẹ̀mí ọmọ ogun Jámánì kan ṣoṣo, kí a máa pa Kọ́múnísìtì 50 sí 100 ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Ní ọjọ́ 7 oṣù December, àṣẹ mìíràn wá, tí a ń pè ní òru àti ìkúùkù: àwọn tí a bá fura sí ní àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, kí a kó wọn lọ sí Jámánì ní ìkọ̀kọ̀, kí a má sì ṣe sọ fún aya tàbí ìyá wọn bóyá wọ́n wà láàyè tàbí wọ́n ti kú.

Ẹnìkan kìlọ̀ fún un. Ọ̀gágun ojú omi Wilhelm Canaris, olórí àwọn amí ogun, fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù September ọdún 1941, ó ní ọ̀nà tí a gbà ń ṣe sí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí a kó lẹ́rù lòdì sí òfin ogun. Keitel ka ìwé náà. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé ìrò ológun àtijọ́ tí ń fi ọ̀wọ̀ jagun ni ìwé yìí ti wá, ṣùgbọ́n pé ogun yìí jẹ́ ti pípa ẹ̀kọ́ kan run kúrò láyé, nítorí náà òun fara mọ́ àṣẹ náà. Ó ju 3,000,000 lọ nínú àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí ó kú lọ́wọ́ àwọn Jámánì kí ogun tó parí. Ebi pa ọ̀pọ̀, òtútù pa ọ̀pọ̀, a sì yìnbọn pa àwọn mìíràn.

Keitel kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀kan nínú wọn. Kálámù ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú oṣù July ọdún 1941 náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Hans-Georg, kú sí ogun Rọ́ṣíà. Ó sin ìbànújẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń fi ọwọ́ sí ìwé lọ.

5. Ọjọ́ bọ́m̀bù

Ní ọjọ́ 20 oṣù July, ọdún 1944, àwọn ọ̀gá ológun kan tí ibi náà ti sú gbìyànjú láti pa Hitler. Claus von Stauffenberg gbé bọ́m̀bù sínú àpò, ó sì fi í sábẹ́ tábìlì ní ibùdó Hitler lẹ́bàá Rastenburg, ní ìlà-oòrùn Prussia. Bọ́m̀bù náà bú, ènìyàn 4 sì ti ibẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Hitler yè. Keitel ni ó gbá a mọ́ra, tí ó sì mú un jáde láàrin èéfín. Ludwig Beck, ẹni tí ó ti fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1938, wà lára àwọn olórí ìdìtẹ̀ náà. Ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Berlin.

Keitel wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń lé àwọn ológun tí a fura sí kúrò nínú ẹgbẹ́, kí a lè fà wọ́n lé adájọ́ tí yóò pa wọ́n lọ́wọ́. Erwin von Witzleben wà lára àwọn tí wọ́n lé. Ọjọ́ kan náà ni a fi òun àti Keitel jẹ Field Marshal ní ọdún 1940. A so ó rọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù August. Ní oṣù October, ọ̀gágun méjì mú iṣẹ́ tí Hitler rán láti ọ̀dọ̀ Keitel lọ sí ilé Erwin Rommel, ológun tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Jámánì: kí ó yàn láàrin májèlé àti ilé ẹjọ́. Rommel yan májèlé, kí ìyà má bàa jẹ aya àti ọmọ rẹ̀. Ìjọba kéde fún àwọn ará ìlú pé ọgbẹ́ ogun ni ó pa á, wọ́n sì sìnkú rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

6. Níwájú àwọn adájọ́

Hitler pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù April, ọdún 1945. Ẹni tí a búra fún ti lọ, ó fi àwọn tí ó búra sílẹ̀ láti jẹ́jọ́. Keitel ni ó fi ọwọ́ sí ìwé ìtẹríba ilẹ̀ Jámánì ní Karlshorst, ní Berlin, ní òru ọjọ́ 8 oṣù May. A mú un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù November, ọdún 1945, ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nuremberg. Àwọn adájọ́ wá láti ilẹ̀ 4: Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Faransé àti Rọ́ṣíà. Òfin tí wọ́n fi dájọ́ wí pé, bí ènìyàn bá ṣe ibi nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún un, èyí kò sọ ọ́ di aláìlẹ́bi, bí ó tilẹ̀ lè mú kí ìyà rẹ̀ dínkù bí òdodo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹjọ́ Keitel dúró lé.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: kò sẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí David Maxwell Fyfe, agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi í léèrè àwọn ohun tí ó ṣe tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kọ̀, ó dárúkọ wọn. Ó dárúkọ àwọn àṣẹ ogun Rọ́ṣíà. Ó dárúkọ ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ogun òfurufú 50 tí wọ́n sá kúrò nínú àgọ́ òǹdè ní oṣù March ọdún 1944, tí a sì yìnbọn pa wọ́n lẹ́yìn tí a tún wọn mú. Ó ní èyí tí ó burú jù lọ ni àṣẹ òru àti ìkúùkù. Ó mọ̀, ó kọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ sí i. Ní ìparí ẹjọ́, ó wí pé bí òun bá tún rí ààyè, òun yóò yan ikú ju kí a fi irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ mú òun lọ. Ó gbà pé òun gbàgbọ́, pé òun ṣìnà, àti pé òun kò lè dá ohun tí ó yẹ kí a dá dúró dúró. Ó ní ẹ̀bi òun nìyẹn.

Àwọn adájọ́ rí i pé ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi kàn án, wọ́n sì wí pé kò sí ohun tí ó lè mú kí ìyà rẹ̀ dínkù. Keitel bẹ̀bẹ̀ pé kí a yìnbọn pa òun gẹ́gẹ́ bí ológun. Wọ́n kọ̀. Ní òru ọjọ́ 16 oṣù October, ọdún 1946, wọ́n yẹgi fún un, òun ni èkejì nínú ènìyàn 10 tí a pa ní òru náà. A sun òkú wọn, a sì da eérú wọn sínú odò.

7. Lórí ìkúnlẹ̀

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fi àlùfáà kan, Henry Gerecke, ọmọ ìjọ Luther, sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Nuremberg láti bójú tó ọkàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Àlùfáà yìí kì í fi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ẹnikẹ́ni bí kò bá rí ìrònúpìwàdà. Hermann Goering bèèrè rẹ̀, àlùfáà kọ̀ fún un. Keitel bèèrè, àlùfáà sì jẹ́rìí pé ó kúnlẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti gbà á.

Àwọn kan bínú sí àlùfáà náà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí pé kò bẹ ilé ẹjọ́ kí a dá Keitel sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Keitel kò sì sọ pé nítorí pé òun kúnlẹ̀, kí okùn já. Ìdáríjì kò sọ òkú di alààyè, kò sì fi baba padà fún ọmọ tí a kó baba rẹ̀ lọ ní òru. Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ Keitel kò pẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kúnlẹ̀. Bí ó bá ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1938, tàbí ní ọjọ́ tí ìwé Canaris dé orí tábìlì rẹ̀, ìtàn tí à bá máa kà nípa rẹ̀ kì bá rí báyìí.

8. Ohun tí a rí kọ́

Ìgbọràn jẹ́ ìwà rere, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé àti ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn pẹ̀lú pé ìgbọràn ní ààlà, àti pé kí ènìyàn wá ààlà náà kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ẹni tí kò bá ti mọ ibi tí yóò ti sọ pé rárá, kì yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ọ̀gá bá ń jágbe. Ìwé àkọ́kọ́ ni ó ṣòro láti fi ọwọ́ sí. Nígbà tí ó bá di ìwé ìkẹwàá, ọwọ́ ti mọ́ ọn lára.

A kò rán púpọ̀ nínú wa ní irú iṣẹ́ tí a rán Keitel. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wà láàrin wa tí a ń sọ fún pé kí ó kọ iye tí kì í ṣe òótọ́. Olùkọ́ wà tí a ń sọ fún pé kí ó fi orúkọ ọmọ tí kò yege sáàrin àwọn tí ó yege. Ọlọ́pàá wà, ìjòyè wà. Ẹni tí ó rán wọn lè má sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a ó bèèrè ẹni tí ó fi ọwọ́ sí ìwé náà. Ọwọ́ tí ó kọ ọ́ ni yóò dáhùn.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ó mú kí Hitler yan Keitel, nígbà tí àwọn ológun tí ó gbọ́n jù ú lọ wà?
2. Ìbúra kan náà ni Beck àti Keitel bú. Kí ni ó fà á tí wọn kò fi rìn ní ọ̀nà kan?
3. Ìgbà mélòó nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún Keitel láti padà? Ẹ dárúkọ wọn.
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìdáríjì tí Keitel wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti ìdájọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ ènìyàn?
5. Ẹ fi àpẹẹrẹ kan láti inú iṣẹ́ ti ara yín ṣàlàyé bí a ti ń fi ti ọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú.